Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú ẹgbẹ̀ta èèyàn

Iyán ni mo ń tà ní Ìjìgbò, nílùú Adó-Èkìtì. Èmi náà sì ni ádímìn gúrúùpù WhatsApp àwọn ọmọ ìlú wa. Ìlú wa kéré, ẹ̀gbẹ́ Ìjerò ló wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká: Èkó, Àbújá, Port Harcourt, Kánádà, Jámánì. A lé ní ẹgbẹ̀ta nínú gúrúùpù náà. Láìpẹ́ yìí a mú àwọn ọ̀dọ́ bí ogójì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìjà mẹ́rin ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní kí n kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń wọlé máa kà á kó tó la ẹnu. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí ni mo ṣe kọ ọ́.

Ohun tí ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ẹ ń dá lóhùn nìkan kọ́ ló ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ó lè jọ pé ẹ̀yin àti ẹnìkan ṣoṣo lẹ jọ ń sọ̀rọ̀, torí pé orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ibi tí ẹ ti ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń kà á. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ń kà á. Àna rẹ̀ ń kà á, ẹni tó fẹ́ yá a lówó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ń kà á. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní fọhùn, ẹ ò sì ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Nílé, bí wọ́n bá fẹ́ bá àgbàlagbà wí, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síta. Nínú gúrúùpù, kò sẹ́ni tó lè ní kí ọmọdé bọ́ síta. Èèyàn 1,024 ni gúrúùpù WhatsApp kan lè gbà. Ti Facebook tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí gúrúùpù bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ rárá lè ka ohun tí ẹ kọ.

Ọdún 2021 ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ó dùn mí títí di òní.

A dá owó láti kan páànù gbọ̀ngàn ìlú. Bàbá kan ni akápò wa nígbà náà, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í jẹ́ kí náírà kan sọnù. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ya àwòrán ìwé ìṣirò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á. Páànù, ìṣó, igi, owó ọkọ̀ láti Adó. Mo rò ó pọ̀, mo tún un rò, 85,000 náírà ni kò ní àlàyé. Aago mọ́kànlá ti lù. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Bàbá, 85,000 dà? Àbí ilé tiyín náà ń gba páànù?" Mo fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sùn.

Nígbà tí mo jí ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ gbé iṣu kaná, àtẹ̀jíṣẹ́ tó lé ní igba ló ń dúró dè mí. Ẹnìkan ti pe Bàbá ní olè. Ẹlòmíràn ti lọ hú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan jáde láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ kan tí mo mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́, mẹ́wàá lórí ìlà kan. Láàárín gbogbo ariwo yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àwòrán kejì wọlé. Ojú ìwé kejì ni. Bàbá ti fi ránṣẹ́ pẹ̀lú èkíní láti alẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa ni kò jẹ́ kó lọ. Àmì aago kékeré ló wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n sùn, wọ́n rò pé á lọ fúnra rẹ̀. Owó káfíńtà, 85,000 náírà, káfíńtà sì buwọ́ lùwé sábẹ́ rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé àwòrán náà ló sọ fún gbogbo wa pé Bàbá ti kúrò nínú gúrúùpù.

Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ gígùn sí wọn lórí nọ́ńbà wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ wọn obìnrin pè mí láti Jámánì. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ojú gbogbo ayé lẹ ti bú bàbá mi, kọ̀rọ̀ lẹ ti ń bẹ̀ wọ́n." Mo jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè dìde.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìbéèrè tó lè ba orúkọ èèyàn jẹ́, kọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún mọ́lẹ̀, WhatsApp fúnra rẹ̀ á fi ọ̀nà hàn yín láti dá a lóhùn níkọ̀kọ̀. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí ibi tí 85,000 wọlé sí, bóyá ojú mi ló fò ó." Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò fèsì, ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá alága. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè béèrè ní gbangba, kí ẹ sì béèrè tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Mi ò ní kí ẹ bo olè mọ́lẹ̀ o. Owó ìlú ni, ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà wà láti béèrè tí ẹni tí kò jalè kò fi ní lọ kú sínú ìtìjú.

Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ibi tí ẹ ti ṣẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀bẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ sọ, ẹ ní irọ́ ni, ẹ ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. "Bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, torí ẹ mọ ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Èmi padà sí gúrúùpù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé mo ka ojú ìwé kan mo sì dájọ́ méjì. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá nílé. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ti kà á.

Ẹ̀yin á ní, báwo ni èèyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná? Ẹnu iṣẹ́ mi ni mo ti rí ìdáhùn. Ọwọ́ tó wà nínú iyán kò lè tẹ fóònù.

Ní ọdún 2022, nígbà tí ìdìbò gómìnà wa ti ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin kan kọ ọ́ sí gúrúùpù lọ́sàn-án gangan pé mo ti ta nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ìlú fún àwọn olóṣèlú. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló kà á sí mi létí. Odó méjì wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ń gún ìkan, mo ń bu èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń ti ọwọ́ bọ omi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń gé e, tí mo ń yí i roboto sínú ọ̀rá, èéfín sì ń fẹ́ sí mi lójú. Oníbàárà mẹ́jọ ló dúró. Inú mi ń hó. Mo ti to èsì náà lórí tán, ìlà mẹ́fà tó múná, mo tilẹ̀ rántí ohun tí ìyá ọkùnrin náà ṣe fún wa rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sílẹ̀, iyán á tutù, ìpápánu kọ́ làwọn èèyàn wá rà. Ó lé ní aago méjì kí n tó fọ ọwọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù, èèyàn mẹ́ta ti gbèjà mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, ọkùnrin náà sì ti kọ ọ́ pé ẹ dákun, òun ṣi gúrúùpù, ti àwọn ará àdúgbò òun ní Èkó ni òun ń bá wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ: "Ó tán." Ìlà mẹ́fà tí mo ti tò sórí kò jáde láéláé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ iyán ọjọ́ náà.

Odó kan, ìyẹn ni ìwọ̀n tí mo fi ń wọn èsì láti ìgbà náà. Ẹni tí kì í gúnyán lè fọ abọ́, ó lè pọnmi, ó lè rìn dé ìta kó padà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn yín ju kí ẹ dákẹ́ lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí sí ibòmíràn lórí fóònù tí kò lè ṣèèṣì lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ kà á sókè, kí etí yín gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ la ò lè kà sókè níwájú ìyá wa.

Ẹ má gbójú lé pé ẹ lè pa á rẹ́. Òótọ́ ni pé WhatsApp fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún ọ̀rọ̀ kọ, ó sì fún wa ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ láti pa á rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n àmì pé ẹ pa nǹkan rẹ́ á wà níbẹ̀, ẹni tó ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ti yà á, ẹni tó ti kà á ti kà á.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí. Akọ̀wé wa kọ ọ́ sí gúrúùpù pé: "E ma wa si ipade ni Satide." Àwọn kan kà á sí "Ẹ máa wá." Àwọn kan kà á sí "Ẹ má wá." Ní Sátidé, èèyàn mọ́kànlá jókòó sábẹ́ páànù tuntun, wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn tó wà nílé ní akọ̀wé ló dá àwọn dúró, àwọn tó wá ní àwọn tó wà nílé ni ò ka ìlú sí. Ìyẹn nìkan jẹ wá ní ọ̀sẹ̀ kan. "Owo" tí kò ní àmì lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí òwò. Gboard, bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé orí fóònù tí Google ṣe, ní Yorùbá nínú, ẹ lọ fi kún un nínú sẹ́tíńgì fóònù yín, ọmọ kékeré lè bá yín ṣe é. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó yí gbólóhùn rẹ̀ padà kó má ṣeé kà lọ́nà méjì. Kọ "Ìpàdé wà" tàbí "Kò sí ìpàdé." Bí ẹ bá sì ka ohun tó jọ èébú láìsí àmì lórí rẹ̀, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló ní lọ́kàn kí ẹ tó gbaná jẹ.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti Èkìtì pátápátá. Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn àti Èkó máa ń bínú bí ẹnìkan bá fi "o" tàbí "ìwọ" pe àgbà nínú gúrúùpù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, èdè ilé kì í fi "ẹ̀yin" pe ẹnìkan ṣoṣo. "Ìwọ" ni ìyá mi àgbà fi ń pe bàbá wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é. Inú ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọ̀wọ̀ wà. Ìyá àádọ́rin ọdún tó bá kọ "ule" dípò "ilé", tó kọ "usu" dípò "iṣu", tó sì pe alága ní "ìwọ", èdè tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ló ń sọ. Ẹ má bá a wí. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó mọ "ẹ" tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi "o" gbá àgbà lójú, ìyẹn la ó bá wí.

Ọ̀rọ̀ ikú ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bí èèyàn bá kú, ẹ̀yin kọ́ ló ń tufọ̀. Ọmọ ìlú wa kan wà ní Port Harcourt tó jẹ́ pé inú gúrúùpù wa ló ti rí fọ́tò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ ló wà. Àwọn ẹbí ṣì ń rò ẹni tí wọ́n máa rán sí i, kí onítọ̀hún jókòó tì í kó tó sọ ọ́. Ẹni tó gbé fọ́tò náà síbẹ̀ ní òun fẹ́ kí gbogbo ìlú bá wọn kẹ́dùn ni. Ẹ dúró kí ẹbí fúnra wọn sọ ọ́, bó jẹ́ ọjọ́ kan, bó jẹ́ mẹ́ta. Ti ọba wa, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀: ọba kì í kú, ó ń wàjà ni, àwọn ìjòyè ló mọ ìgbà tí wọ́n máa kéde. Ẹ má sì gbé àwòrán òkú ìjàǹbá ọkọ̀ wá, yálà ti ọ̀nà Àkúrẹ́ ni tàbí ti ibòmíràn. Aṣọ ni àwọn ẹbí fi máa dá a mọ̀.

Ohun tí ẹ bá gbà láti ibòmíràn, ẹ wo àmì ọfà méjì tó wà lókè rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, àbúrò ìyá mi pè mí ní ìdájí pé kí n fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀, pé ọba kan ló sọ ọ́. Mo wẹ̀ ẹ́. Àwọn kan mu ún ní àmuyó, wọ́n gbé wọn dìgbà dìgbà lọ sí ọsibítù. Irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú gúrúùpù wa báyìí, ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ti gbọ́ ọ, bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó yọ ọ́ kúrò. Òfin Nàìjíríà tó wà fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kò yọ WhatsApp sílẹ̀.

Ìgbà kan sì wà tí òtítọ́ gan-an kò yẹ ní kíkọ. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lọ́jọ́ kan náà ní Èkìtì níhìn-ín, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Èmùré. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ẹnìkan nínú gúrúùpù wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀nà tí àwọn ọdẹ gbà wọgbó àti iye tí wọ́n jẹ́. Inú rere ló fi ń kọ ọ́, ó fẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ádímìn lè pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́, mo sì pè é. A ò mọ gbogbo ẹni tó ń ka gúrúùpù wa. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ gbàdúrà, ẹ pe ilé, ẹ má kọ ọ̀nà.

Àwọn tó kù kò le. Ádímìn kan ló ń kí ìlú káàárọ̀, kí ẹ̀yin yòókù fi àtàǹpàkò dáhùn, kí ìkéde má bàa rì sábẹ́ igba "ẹ káàárọ̀". Ẹ má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀; ìyẹn, bó pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kó pọ̀. Ẹ lè fi ohùn ránṣẹ́ torí àwọn ìyá wa tí kò lè kàwé, àmọ́ kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ dárúkọ ara yín. Nọ́ńbà obìnrin tí ẹ rí nínú gúrúùpù kì í ṣe tiyín láti máa pè lóru. Ohun tí a bá sọ níbí, ẹ má yà á lọ sí gúrúùpù àwọn ará ìlú kejì. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí, ádímìn nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò padà wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi línkì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì. Mi ò fi agídí ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe ìṣirò owó ìlú, kí n tó gbé e sí gúrúùpù, mo máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì máa ń dúró kí àmì méjèèjì yọ lára ìkan kí n tó fi èkejì ránṣẹ́. Ojú tó ń ṣe bàìbàì náà ni wọ́n fi ń kà á fínnífínní. Ní oṣù kẹta tó kọjá wọ́n fèsì sí mi níkọ̀kọ̀: "Owó sìmẹ́ńtì, ojú ìwé kejì. Tún un rò." Mo tún un rò. Mo ti fi 2,000 náírà ṣì í.